Ọ̀rọ̀ tí Mo Sọ Lórí Rédíò Nígbà tí Ìjọba Tilẹ̀kùn

Ilé àtijọ́ létí adágún,
Stenmark, Minnesota.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, 2013.

Signe ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Dewey ọkọ rẹ, mo sì kí Annika ọmọ yín. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín lálàáfíà, kí ó bá iná nínú ààrò, kí ó sì bá èémí rẹ tó ń lọ geere. Ní tèmi, ara le. Orúnkún ọ̀tún ṣì máa ń bá mi jà bí òtútù bá mú, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ti mọwọ́ ara wa.

Nígbà tí o pè mí ní Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o ní: "Bàbá, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì wá. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ bó ṣe jẹ́ sínú ìwé fún mi, torí bí ẹ bá ti gbé fóònù, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ máa ń ṣe." Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀. Òótọ́ ni. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama nípa ètò ìjọba ti ba ẹnu mi jẹ́. Mi ò lè ní kí èèyàn na iyọ̀ sí mi láìkọ́kọ́ sọ ìtàn bí iyọ̀ ṣe dé ìlú. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó. Bó ṣe jẹ́ nìyí.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó dùn mí jù. Nígbà tí àwọn aṣòfin ní Washington kò lè fẹnu kò lórí owó tí ìjọba yóò ná, tí ìjọba àpapọ̀ sì ti ilẹ̀kùn, inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Èmi ni alága ẹgbẹ́ òṣèlú Erin ní àdúgbò wa, àwa la sì sọ pé a kò ní fọwọ́ sí owó kankan àfi tí ẹgbẹ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá dá òfin ìlera tuntun wọn dúró. Àwọn náà ní òfin ti di òfin, ẹsẹ̀ àwọn kò ní yẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró bí àgbò méjì tó pàdé lórí afárá tóóró. Èmi wà létí odò, mò ń pàtẹ́wọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí sórí rédíò ìlú. Olóòtú bi mí pé kí ni mo rí sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba ní kí wọ́n máa lọ sílé láìsí owó. Mo ti ro ìdáhùn náà láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo sì rò pé ọgbọ́n ni. Mo ní: "Ẹni tí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé, tí a ò sì mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, ṣé a tiẹ̀ nílò rẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Olóòtú rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé lásìkò yẹn gan-an ni Dewey máa ń wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, tó ń gbọ́ rédíò. Ó ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ fi ẹ̀wọ̀n de ẹnu ọ̀nà igbó ìjọba, igbó tó ti ń ṣọ́ láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ lórí adágún.

O pè mí kí n tó délé. O ní: "Bàbá, ọkọ mi lẹ bá wí. Ẹ má wá jẹun sílé wa lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ oṣù tó ń bọ̀." O kò pariwo. Ì bá sàn kí o pariwo. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi ṣubú, mi ò wo ibì kankan. Mo sọ fún ara mi pé inú ló ń bí ọ, pé yóò rọ̀ tó bá yá, mo sì ń dá jẹun lọ.

Bó ṣe di Sátidé kejì, tí ilẹ̀kùn ìjọba ṣì wà ní títì, oúnjẹ ẹja ọdọọdún ti ṣọ́ọ̀ṣì wa dé, ẹja gbígbẹ tí wọ́n rẹ sómi títí ó fi rọ̀ gan-an. O mọ bí a ti ń ṣe é. Èèyàn á gba nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà, á jókòó sórí ìjókòó inú ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń retí ìwàásù, títí wọ́n á fi pe nọ́ńbà rẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ibi tí àga bá ti ṣófo ni yóò jókòó sí. Ẹnikẹ́ni kì í yan ẹni tí òun yóò bá jẹun. Bí mo ti gba tèmi, mo bojú wẹ̀yìn, ta ni mo rí tó ń gba èyí tó tẹ̀ lé e? Marlys Brekke, nọ́ọ̀sì àtijọ́, alága ẹgbẹ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Mo dá ọgbọ́n kan. Mo lọ bá Orrin Tveit àgbẹ̀, tí nọ́ńbà tirẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, mo ní kí a ṣe pàṣípààrọ̀. Ó gbà kíákíá, ebi ń pa á. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Marlys náà ti rí mi, ó sì ti yọ́ lọ bá àbúrò Orrin tó jókòó tì í, ó bá a pààrọ̀ tirẹ̀. Àwọn Tveit méjèèjì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n pè wá sísàlẹ̀, èmi àti Marlys bára wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, ìgbọ̀nwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́. Àwọn Tveit ti jẹun tán, wọ́n ń tayín lọ. Orrin dúró lẹ́yìn wa, ó ní: "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin alága."

Marlys wò mí. Ó ní: "Halvor, o pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ."

Mo ní: "Ìwọ náà pààrọ̀ tìrẹ."

"Mo fẹ́ jẹun lálàáfíà ni."

"Ohun tí èmi náà fẹ́ nìyẹn."

Àwo ń bọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò ní rí ẹja bù. Marlys na àwo ẹja sí mi, ẹja náà sì ń gbọ̀n lórí rẹ̀ bí o ti mọ̀ ọ́n. Ó ní: "Wò ó bó ṣe ń gbọ̀n. Ó jọ àwọn aṣòfin yín tí ọjọ́ ìbò ń sún mọ́." Mo ní: "Tiyín ló jọ jù. Wọ́n ti rẹ ẹ́ sómi pẹ́ débi pé kò rántí mọ́ pé ẹja lòun." Àwọn tó wà nídìí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ara mi sì ń yá bọ̀.

Ìgbà náà ni Dewey yọ, ó wọ épúrọ́ọ̀nù funfun, ó gbé jọ́ọ̀gì bọ́tà yíyọ́ dání. Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n ti ní kó máa lọ sílé níbi iṣẹ́, ló bá wá ran ìjọ lọ́wọ́. Bó ti tẹ jọ́ọ̀gì láti da bọ́tà sórí ẹja mi, Marlys di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní: "Dewey, má dà á fún bàbá yìí. Jẹ́ ká wò ó bóyá á mọ̀ pé kò sí níbẹ̀."

Signe, gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ rédíò. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹja yẹn láìsí bọ́tà, omi gbígbóná lásán ni. Dewey nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé: "Ẹ fẹ́ ẹ, sà?" Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọ, Bàbá ló ń pè mí. Sà yẹn gún mi ju ẹ̀rín gbogbo wọn lọ. Mo fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dà á fún mi, ó ṣe é dáadáa, kò dín sí ti ẹlòmíràn, kò sì ju ti ẹlòmíràn lọ, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo gbé àwo mi dìde, mo wọ ilé ìdáná, mo ká apá ṣẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo. Nígbà tó yá, Dewey wá dúró tì mí, ó ń nù wọ́n gbẹ. Ó ní: "Ẹ máa lọ sílé, sà, àwo pọ̀." Mo ní: "Dewey, ọ̀rọ̀ burúkú ni mo sọ. Kì í ṣe pé ó já bọ́ lẹ́nu mi. Mo múra rẹ̀ sílẹ̀ ni. Jọ̀ọ́, forí jì mí."

Ó nu àwo kan gbẹ, ó gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní: "Tèmi kọ́ ló dùn mí, wọ́n ti pè mí ní oríṣiríṣi. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti kọ Signe?"

Mi ò mọ̀. Má bínú sí i pé ó sọ fún mi. Ó ní gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ẹ lọ bá ló kọ̀ ọ́ nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí ọkàn rẹ ní kékeré. Pé iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tí òun ń ṣe kò ní ètò ìtọ́jú nínú. Pé ó ti pẹ́ tí o ti dẹ́kun lílọ rí dókítà ọkàn ní Duluth, ẹ̀ ń retí oṣù kìíní, nígbà tí òfin tuntun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ mọ́. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi. Ó ní o ti sọ pé: "Bàbá á sanwó o, ṣùgbọ́n á fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lé e."

Mo di àwo kan mú nínú omi gbígbóná títí omi náà fi tutù. Èmi ni mo gbé ọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ yẹn, o kò tíì mọ̀ọ́kà. Òfin tí mò ń pàtẹ́wọ́ kí wọ́n dá dúró, òun ni ìwọ ń retí.

Mi ò ní sọ fún ọ pé mo ti di ọmọ ẹgbẹ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo ṣì gbà pé òfin náà gùn jù, pé yóò wọ àwọn kan lọ́rùn, n ó sì máa bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á jókòó jiyàn yàtọ̀ sí kí á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹlòmíràn kí á tó sọ̀rọ̀. Marlys náà gbà fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé ọwọ́ àwọn náà kò mọ́ pátápátá. Ó ní: "A mọ̀ pé ìyà ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, a sì ń gbé wọn síwájú kámẹ́rà bí ọjà."

Lọ́jọ́ Ajé ni mo padà sórí rédíò, o sì gbọ́ ọ. Mo ní: "Mo bi yín ní ìbéèrè kan níjọ́sí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé a nílò wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkọ ọmọ mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo yín." Mi ò mẹ́nu kan àìlera rẹ. Ìwọ lo ni ín, ìwọ ni yóò sọ ọ́ bó bá wù ọ́.

Ẹgbẹ́ wa pe ìpàdé. Igbákejì mi, Lowell Haugen, ní: "Halvor, o tú wa síta lójú gbogbo ìlú." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dìbò láti yọ mí nípò, èmi náà sì nawọ́ pẹ̀lú wọn, kó lè jẹ́ ohùn kan. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Inú Marlys nìkan ni kò dùn. Ó ní: "Ta ni kí n máa bá jà báyìí? Lowell ò mọ ìjà jà."

Láti ìgbà tí ìjọba ti ṣí, mo máa ń lọ sí ilé ìkàwé ìlú, níbi tí Marlys ti ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò tuntun lórí kọ̀ǹpútà. Ojú òpó ìforúkọsílẹ̀ náà kì í ṣí. Á máa yí, á máa yí, á sì kú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó ti àwọn tó ń dúró, kí wọ́n má bàa bínú lọ. Marlys ní: "Kò yẹ kí ẹgbẹ́ Erin ṣe wàhálà láti dá òfin yìí dúró, kọ̀ǹpútà wa ń bá yín ṣe é." Síbẹ̀, ó máa ń ṣí fún àwọn kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ṣí fún opó kan, opó náà sì di ọwọ́ èmi àti Marlys pọ̀ mú.

Wá, ọmọ mi. Marlys ní òun yóò fi òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí sílẹ̀ fún ọ. Òun ni yóò ṣe é, kì í ṣe èmi. Bí o kò bá fẹ́ rí mi, n ó dúró sílé.

Ní ti ọjọ́ Ìdúpẹ́, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n bóyá Dewey ti sọ fún ọ pé àná ló wá bá mi fa èbúté onípákó kúrò nínú adágún kí omi tó di yìnyín. Mi ò ránṣẹ́ pè é. Bí a ti ń fà á, mo fẹ́ ṣàlàyé bí bàbá mi ti ń ṣe é láyé àtijọ́. Ó ní: "Bàbá, ẹ di ibẹ̀ yẹn mú, ẹ má sọ̀rọ̀." Mo di ibẹ̀ mú. Mi ò sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọkàn tó le, tí yóò máa lù dáadáa di ọjọ́ ogbó rẹ. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀kùn oore tì mọ́ ọ. Kí Annika má ṣe jogún ẹnu mi.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń kọ́ bí a ti ń dákẹ́,
Halvor Nesvold.

Ọ̀rọ̀ kù: Mo ti wọ táyà yìnyín sí ọkọ̀ mi ṣáájú àsìkò rẹ̀. Ọjọ́ tí dókítà Duluth bá dá fún ọ, ì báà jẹ́ inú ìjì, pè mí. N ó fi ọkọ̀ gbé ọ lọ, n ó sì gbé ọ bọ̀, a ò sì ní tan rédíò.