Géètì tó Kọjú sí Ọ̀nà Típà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Máàṣì, 1977. Ooru láti àárọ̀. Òjò ṣú lápá Òkè-Odò, kò rọ̀.

Mo ti fi orúkọ sílẹ̀. Àga kan ṣoṣo ni wọ́n fún àwọn òbí Ẹ̀gbẹ́dá nínú ìgbìmọ̀ tuntun ti ilé-ẹ̀kọ́. Èmi àti Bàbá Jàfárù, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ àdúgbò yìí, la jọ ń du ú. Nínú ìwé yìí, Onílẹ̀ ni n ó máa pè é. Ìdìbò di Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n: kálukú yóò tò sẹ́yìn ẹni tí ó fẹ́ lórí pápá, lójú gbogbo ènìyàn.

Ohun kan ni mo torí rẹ̀ jáde. Géètì ilé-ẹ̀kọ́. Ó kọjú sí ọ̀nà tí àwọn típà oníyanrìn ń sáré gbà — láti ìgbà tí owó epo ti dé, kò sí ẹni tí kì í kọ́lé. Mo fẹ́ kí a dí i pa, kí a ṣí òmíràn sí ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí ọkọ̀ kì í gbà. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mò ń ṣe; mo ti ya àwòrán rẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ọgbà, ti ẹbí Onílẹ̀ ni. Ní ọdún méjì sẹ́yìn mo lọ tọrọ ọ̀nà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò ṣeé ṣe.

Ìdí tí mo fi tún ń lépa rẹ̀ — n kò tíì lè kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 7 Máàṣì. Ooru.

Hàbíbátù, ìyàwó mi, di Fàúsátù ọmọ wa lọ́wọ́ mú sọdá títì. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe láràárọ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá. Ẹnu géètì ni ó máa ń dúró sí títí ọmọ yóò fi wọ kíláàsì. Òun fúnra rẹ̀ kì í wọ inú ọgbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Máàṣì.

Táyéwò wá, olórí àwọn aláàárù ọjà Ṣáṣá. Àwọn ọmọ tirẹ̀ náà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Gbohùngbohùn ni mo ń pè é — bí ó bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Ṣáṣá, wọn a máa gbọ́ ọ ní Akówonjó. Ó ti sọ ara rẹ̀ di alága ìpolongo mi. Ẹnikẹ́ni kò yàn án.

Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń gbé àwòrán géètì kiri bí ẹni tó ń ta ilé. Ta ló fẹ́ máa wo láìnì-láìnì orí ìwé jàre? Ẹ sọ ti Wòsílátù fún wọn. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ tán, kò sí ìyá ọmọ tí kò ní tò sẹ́yìn yín.

Mo ní rárá. Ó ní ìwé tí mo kà ti pọ̀ jù.

Ó dára. Mo ti kọ orúkọ náà báyìí. Wòsílátù, àkọ́bí wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì ọ̀sán ń jáde. Típà. Àwọn àgbà ló lọ sin ín. Wọn kò jẹ́ kí èmi àti ìyá rẹ̀ dé ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe fún òbí. N kò mọ ojú ibi tí ó wà gan-an.

Ọjọ́ Jímọ̀, 11 Máàṣì.

Hàbíbátù gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ omi. Sìkírátù, aya Jàfárù ọmọ Onílẹ̀, ní, Ẹ gbọ́ ná, ayálégbé tí kò tíì san owó ilé oṣù yìí ló fẹ́ pín ilẹ̀ fún wa. Orí sàréè àwọn bàbá wa ló fẹ́ gbé géètì gbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo ti san owó ilé. Ṣùgbọ́n ti sàréè, òótọ́ ni. Ní politẹ́kíníìkì wọ́n kọ́ wa pé kí a kọ́kọ́ ya ohun tó wà nílẹ̀ kí a tó ya ohun tí a fẹ́. Mo yà wọ́n. Ọ̀nà tí mo là yẹ̀ fún gbogbo wọn àfi ọ̀kan. Ìyá Onílẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Máàṣì.

Lójú mi lónìí ni wọ́n pe Hàbíbátù ní Ìyá Fàúsá. Ìyá Wòsí ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ó dáhùn.

Ọjọ́rú, 16 Máàṣì.

Òjò àkọ́rọ̀. Títì di ẹrẹ̀, àwọn típà ń rọra lọ. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ó máa rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Máàṣì. Oòrùn mú.

Wọ́n pe àwa méjèèjì sórí pápá kí a wá bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Onílẹ̀ kò sọ púpọ̀. Ó ní bàbá òun ló fún wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé, kò gba kọ́bọ̀.

Èmi ṣí àwòrán mi. Mo ṣàlàyé. Olúsànyà télọ̀ bá nawọ́ sókè: ó ní kí n má bínú o, ṣé kì í ṣe nítorí ọmọ tèmi ni mo ṣe ń yọ gbogbo àdúgbò lẹ́nu? Mo ń wo ìwé ọwọ́ mi.

N kò mọ ìgbà tí Hàbíbátù kúrò ní ẹnu géètì. Ó rìn títí dé àárín pápá. Ó ní, Nítorí rẹ̀ ni. Òun ti lọ. Àwọn tiyín ṣì ń sọdá.

Kò fi kún un. Ó padà sí ẹnu géètì.

Lẹ́yìn ìpàdé, Gbohùngbohùn fẹnu sí mi létí, ó kù díẹ̀ kí ó di mí létí: Ẹ̀gbọ́n, ó ti parí. Àga ti di tiyín.

Hàbíbátù kò jẹun. Ó ní òun ni yóò kọ́kọ́ tò sẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀, 24 Máàṣì. Òjò díẹ̀ lọ́sàn-án.

Onílẹ̀ wá sílé mi lẹ́yìn ìrun Àsárì. Òun nìkan. Ó gba omi, kò gba nǹkan mìíràn.

Ó ní, Ọládòṣù, o máa wọlé. Mo ti wo ojú àwọn èèyàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ bá gba ilẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ ẹbí mi á gbé e lọ sí kóòtù. Wọ́n á ní ayálégbé ló fi ìdìbò gbà á lọ́wọ́ wa, n kò sì ní lè dá wọn dúró. Fàúsátù á ti di ìyá ọmọ kí ẹjọ́ náà tó parí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà lórí àga, tí mo fi ọwọ́ ara mi tọrẹ, kò sí ẹni tó máa bá mi jiyàn. Ohun tí olórí bá fi tọrẹ nílé wa, wọn kì í gbà á padà.

Mo bèèrè sàréè ìyá rẹ̀. Ó ní, Ìyá mi ni. Èmi ni n ó bẹ̀ ẹ́.

Mo bèèrè ìdí tí kò fi fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ tọrọ. Ó ní ọ̀nà lásán ni òun rò pé mo ń tọrọ nígbà náà.

Kò ní tẹ̀ka sí ìwé kankan. Ó ní òun ti sọ ọ́. Kí n kàn jókòó sílé kò sì tó: wọn á ní òun ló lé mi. Ó fẹ́ kí n wá tò sẹ́yìn òun.

Ọjọ́ Jímọ̀, 25 Máàṣì. Ojú ọ̀run mọ́.

N kò lè fọkàn sí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Ẹjọ́ ilẹ̀ kan tí mo ya àwòrán rẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ti kú.

Bí mo bá tò sẹ́yìn Onílẹ̀, Gbohùngbohùn yóò ní mo ti jẹ owó. Àwọn ìyá yóò gbà á gbọ́. Bí Onílẹ̀ bá sì yẹ àdéhùn, n ó ti pàdánù àga, n ó pàdánù ọ̀nà, n ó sì pàdánù ojú tí ìyàwó mi fi ń wò mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. N kò ní ẹ̀rí kankan ju ọ̀rọ̀ ẹnu arúgbó kan lọ. Síbẹ̀ mo gbà á gbọ́ ju kóòtù lọ.

Mo ti pinnu. Bí wọ́n bá lu agogo lọ́la, n ó kọjá níwájú ìlà tèmi, n ó lọ tò sẹ́yìn rẹ̀.

N kò tíì sọ fún Hàbíbátù. Ó ń lọ aṣọ ní yàrá kejì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé níbo ni kí òun dúró sí lórí pápá, kí n lè tètè rí òun. Mo ní iwájú pátápátá.