Àká tí Thirkell kọ́ fún Baba wa

Èmi Silas Pell, akọ̀wé ìjọ, ni mo ń bá Tobias Wragg, tí kò mọ̀wé, kọ èyí sí Hester àbúrò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Hester, mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

Onílẹ̀ ńlá ibí fẹ́ ra àká Baba wa, kó wó o. Ó ní, “Bàbá, àká lásán ni.” Mo ní, “Thirkell tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yín ló kọ́ ọ, nígbà tí kò tíì lórúkọ. Gba ibi tí o gbà wá lọ!” Ihò tí Baba ní kó fi sílẹ̀ fún òwìwí tó ń pa eku, Thirkell gbẹ́ òkúta yí i ká bíi fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ti kú báyìí. Ààfin ló kọ́ fáwọn olówó. Èyí ló kọ́ fún wa.

Ìdajì rẹ̀ jẹ́ tìrẹ. Bí onílẹ̀ bá kọ̀wé sí ọ, jọ̀ọ́, má fọwọ́ sí i. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé rẹ bí o ṣe ń bá mi ṣọ́ èyí.

Àmì Tobias: X
Ẹlẹ́rìí: Judith Wragg, Edmund Frith