Ẹni Tí Wọ́n Ń Kí Nínú Pálọ̀ Wa

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá wa lórí rédíò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ará Ìlọrà ṣáà ni mí.

Yàrá ń ṣófo ní agbo ilé wa, nítorí etí títì ni kálukú ń sáré lọ kọ́lé sí. Ọkọ mi náà kọ́lé sórí oko iṣu tí bàbá rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀. Láti ìgbà tí a ti kó débẹ̀, bí àwọn àgbà Ìmíní, ìlú ìtòsí wa, bá ń kọjá láàárọ̀, wọn a kọjú sí pálọ̀ wa, wọn a ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko o.” Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní ṣé èèyàn lè rí ẹni tó ń kọ ebè kó má kí i ni?

Ọkọ mi fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ó tún ra sìmẹ́ńtì láti fi kọ́lé sórí ìyókù oko náà. Láàárọ̀ àná, wọ́n kí bàbá tán, wọ́n wá dárúkọ ọkọ mi: “Ìwọ náà kú iṣẹ́ o.” Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí, ó ń mu ẹ̀kọ. Kó tó lanu, ẹnì kan ti dáhùn lẹ́yìnkùlé. Ohùn ọkọ mi gan-an ni.

Mo ní ká padà sí agbo ilé. Ó ní sìmẹ́ńtì á dì. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kí èmi náà.