Ọmọ Ayò Inú Fáànù

                                        Ẹ̀yìn Ọjà, Uwani,
                                        Enugu.
                                        11 Oṣù Kẹwàá, 1963.

Moríyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ kò dùn wọ́n mọ́ látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè? Màmá ńkọ́? Ọ̀fà ńkọ́, ṣé ó ti mọ́ yín lára? Ara mi le, ọkàn mi ni kò le. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fa lẹ́tà yìí ya. Má fi ìwé kíkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ o, o ṣáà mọ̀ pé Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ ni mo ti dúró.

Oṣù mẹ́rin rèé tí ẹ ti lọ. Ṣé o rántí mọ́tò bàbá mi, èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ òyìnbó tó ń wa èédú? Ṣé o rántí ihò iwájú tí fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn gbà jáde, tí àwa méjèèjì máa ń jìjà dù láti gbé ojú lé? Mo ṣì ń gbé ojú lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tìrẹ ṣófo.

Fáànù náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ṣe wù ú. Á fẹ́, á tún dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, nígbà òjò, bí ìkùukùu bá bo gíláàsì lórí òkè Milken, òun ló ń nù ún fún wa. Lọ́jọ́ kan ó dákẹ́, bàbá mi kò rí lọ́rì tó ń bọ̀, díẹ̀ ló kù kó gbá wa. Wọ́n gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Bùsàrí mẹkáníìkì. Ó pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ fíúsì. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fáànù ń fẹ́ fùùfùù. A gun òkè, ó kú.

"Bùsàrí, àbí ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Bàbá Ojúọlá, ẹ kúkú wá kọ́lé sí ṣọ́ọ̀bù mi."

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bó bá di Sátidé, àwọn á ta mọ́tò náà fún àwọn tó ń tú mọ́tò tà.

Moríyọ̀, èmi ti mọ ohun tó ń ṣe é. Bí a bá ń gun òkè ló ń kú, bí a bá ń sọ̀ ló ń jí. Nǹkan kan ló ń yí nínú rẹ̀. Bí imú mọ́tò bá yọ sókè, nǹkan ọ̀hún á yí sẹ́yìn, á há mọ́ fáànù lára. Mo sì mọ nǹkan náà. Ọjọ́ tó kù ọ̀la tí ẹ máa lọ, tí a jọ ń ta ayò lórí àga mọ́tò, tí o ti fẹ́ borí, tí o fẹ́ sọ mí di ọ̀pẹ, mo yọ́ ọmọ ayò kan jù sínú ihò yẹn, kí ayò má baà parí. Mo wá pariwo pé ìwọ lo jí i. O sunkún, o gbé ọpọ́n ayò rẹ, o ò sì juwọ́ sí mi ní ibùdókọ̀ ojú irin.

Nígbà tí mo wá mọ̀ pé òun ló há fáànù, ọjọ́ méjì ni mo tún fi pa á mọ́ inú. Àná ni mo jẹ́wọ́. Bùsàrí tú ilé fáànù, ọmọ ayò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ní, "Háà! Fáànù ń ta ayò!" Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí. "Mọ́tò ti sàn. Moríyọ̀ ńkọ́?" Mo gba ọmọ ayò náà lọ́wọ́ Bùsàrí.

Wọn kò ta mọ́tò náà mọ́. Láàárọ̀ yìí a gun òkè Milken, fáànù fẹ́ títí a fi dé orí rẹ̀, èmi nìkan gbé ojú lé e. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò ju oṣù mẹ́rin lọ, ó sì ti rẹ̀ mí.

Bá mi kí Bàbá àti Màmá, kí o sì bá mi gbá Àṣàkẹ́ kékeré, àbúrò rẹ, mọ́ra. Ọmọ ayò náà wà nínú àpò ìwé yìí. Fáànù ti ha á lára díẹ̀. Ka tọwọ́ rẹ, mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Fi èyí kún un, kó pé. Ayò ọjọ́ yẹn, ìwọ lo borí.

Èmi ni ọ̀pẹ rẹ,
Ojúọlá.