Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Lábẹ́ Máṣíìnì Mi

                                        Yàrá Iwájú,
                                        Ilé tó kọjú sí ilé ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.

Àbúrò mi àtàtà, tíṣà mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá rédíò jiyàn? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, àbúrò mi. O mọ̀ pé n kì í sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà, má rẹ́rìn-ín.

O rántí ọmọ àbúrò ọkọ mi, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onítáyà. Bàbá rẹ̀ àti olóògbé ọkọ mi ni wọ́n jọ kọ́ ilé yìí. Lóṣù tó kọjá ó mú lọ́yà kan wá, wọ́n tẹ́ ìwé sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Lọ́yà bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ó tẹ̀ka ni, àbí ẹ ó kọ orúkọ?" Kí n tó lanu, Onítáyà ti dáhùn: "Wọ́n á tẹ̀ka ni. Ẹ mú yíǹkì wá." Háà! Inú bí mi dé góńgó. Mo ní, "Gbé bíírò yẹn fún mi!" Mo kọ orúkọ mi gbọọrọ bí o ṣe kọ́ mi ní kíláàsì àwọn àgbà, mo tún fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Lọ́yà ní, "Mọ́mì, ọwọ́ ìkọ̀wé yín mà dára o." Orí mi wú. N kò bi wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, bíríkìlà kan wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ó na okùn láti ògiri dé ògiri, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀. Ìlà náà gba abẹ́ máṣíìnì mi kọjá, níbi tí mo ń gbé ẹsẹ̀ lé gan-an. Ilẹ̀kùn ìta àti fèrèsé bọ́ sọ́dọ̀ Onítáyà, ibẹ̀ ló fẹ́ máa to táyà sí. Ẹ̀yìn ilé ló kù fún mi. Níbo ni oníbàárà á wá gbà wọlé? Mo ní, "Ìwọ, kí lò ń ṣe nínú ilé mi?" Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Wọ́n ní ẹ ti fọwọ́ sí i. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún, la ó to búlọ́ọ̀kù."

Mo yọ ẹ̀dà tí wọ́n fún mi nínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lókè rẹ̀ gàdàgbà. Mo dà á kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: PARTITION. Mo gbé e lọ bá olùkọ́ tó ń gbé òdìkejì títì, mo parọ́ pé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ-ọmọ mi ni. Ó ní pínpín ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní bí ẹni méjì bá jọ ni ilé, tí wọn ò fẹ́ jọ ni ín mọ́, wọ́n á pín in, kálukú á gba tirẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ síwèé. Ó ní wọ́n ń lò ó fún pákó tó la ọ́fíìsì sí méjì, wọ́n ń lò ó fún orílẹ̀-èdè tí wọ́n là sí méjì pàápàá. Mo ní, "Bí ẹnì kan nínú wọn kò bá mọ ohun tó fọwọ́ sí ńkọ́?" Ó ní, "Ìyá, ọmọ-ọmọ yín kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé."

Mo jókòó. Ó wá sọ fún mi pé ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó yẹ kí wọ́n ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí i létí ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àwọn kà á. Ká ní mo tẹ̀ka ni, wọn ì bá kà á fún mi. Bíírò ni mo fi ti ara mi síta.

Ó ní kí n sọ ọ́ lójú lọ́yà àti ẹbí kí ògiri tó dìde. Ọjọ́rú tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà ni wọ́n ń bọ̀ wá jókòó níbí. Ìyẹn ni pé kí èmi dìde níwájú Onítáyà, ọmọ tí mo fọ ìdọ̀tí ìdí rẹ̀, kí n ní n kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń ránṣọ lójú fèrèsé yìí, àbúrò mi. N kò mọ èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù, ògiri ni àbí ẹnu ara mi. Mo fi omi ọṣẹ nu ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan, bíríkìlà tún wá fà á. Láàárọ̀ yìí, mo rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn rẹ̀. Èmi!

Jọ̀ọ́, wá. Wọ ọkọ̀ àárọ̀ Ọjọ́rú náà. Ìwọ lo kọ́ mi bí mo ṣe ń kọ orúkọ mi, o mọ ibi tí ìwé mi dé. Bí ahọ́n mi bá lọ́ mọ́ mi lẹ́nu, bá mi sọ ọ́. Rárá, má bá mi sọ ọ́. Ṣáà jókòó síbi tí mo ti lè rí ọ. Èmi fúnra mi ni n ó sọ ọ́.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kó fi rédíò sílẹ̀ kó bá ọ gbé báàgì dé ibùdókọ̀. Bá mi gbé ọmọ tuntun jó.

                                        Èmi tí n kì í bẹ̀bẹ̀, tí mo ń bẹ̀ ọ́,
                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ, Aránṣọ.

Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fọwọ́ sí i.