Ìjà Tí A Dá Sílẹ̀ Nítorí Ìwé Ẹ̀rí Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

O kú ìwé kíkà, o kú àìsùn, o kú wàhálà ìlú ńlá. Ọlọ́run tí kì í jẹ́ kí ìyẹ̀fun tán nínú àpò wa kò ní jẹ́ kí ọgbọ́n tán ní orí rẹ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, àfi ìjà tó ṣẹlẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ ròyìn. Mo ní kí n pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n fóònù náà kọ ọ́ sójú pé inú òun ti kún. Mo dorí rẹ̀ kodò, mo gbọ̀n ọ́n títí, nǹkan kan ò já bọ́, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Ìwé tí o fi ránṣẹ́, tó ka gbogbo ohun tí ilé ìwé ń béèrè kí wọ́n tó fún ọ ní oyè nínú ẹ̀kọ́ Ìbáṣepọ̀ Òṣìṣẹ́ àti Agbanisíṣẹ́, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Tíṣà ló bá wa kà á nídìí ààrò búrẹ́dì, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ga. Ó yà mí lẹ́nu pé ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ́ bí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ṣe ń gbé pọ̀. Èmi tí mo ti ń gba ènìyàn síṣẹ́ láti ìgbà tí o ti ń rákòrò, ẹnikẹ́ni ò fún mi ní ìdánwò kan. Wọ́n ní kí o fọwọ́ ara rẹ yan ẹ̀kọ́ méjì láti ẹ̀ka mìíràn. Má ṣèyọnu, a ti bá ọ yàn án. Ìyá rẹ yan ti dókítà, èmi yan ti lọ́yà, kí o lè parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí o tó wálé. Wọ́n tún ní máàkì rẹ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju méjì ààbọ̀ lọ, èyí sì dùn mí díẹ̀. Ọmọ tó ń gba àádọ́rùn-ún ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, méjì ààbọ̀ ni wọ́n rò pé agbára rẹ̀ mọ. Má bá wọn jà, sáà fún wọn ní ogójì kí ojú tì wọ́n.

Ibi tí ọkàn mi ti dàrú ni ibi tí o ti kọ ọ́ pé o gbọ́dọ̀ lo oṣù mẹ́ta níbi iṣẹ́ kan, kí o fojú rí èdèkòyédè ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, kí o sì bá wọn dá sí i, pé o ti kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó ṣí i fún ọ, bẹ́ẹ̀ láìsí i, kò sí oyè. Omi bọ́ lójú ìyá rẹ. Mo ní kó nu ojú rẹ̀, ṣé bàbá rẹ ò ní ibi iṣẹ́ ni? Ohun kan ṣoṣo tí ibi iṣẹ́ wa kò ní ni èdèkòyédè, ìyẹn ò sì wọ́n.

Mo pe Alápá tó ń po ìyẹ̀fun àti Èéfín tó ń dáná ààrò, mo ní láti ọ̀la lọ, a ti ń bínú síra wa. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n jọ̀wọ́ sọ ohun táwọn ṣe. Mo ní wọn ò ṣe nǹkan kan, nítorí ẹ̀kọ́ rẹ ni. Wọ́n ní bó bá jẹ́ nítorí rẹ ni, àwọn á bínú dáadáa. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ kìíní ìyanṣẹ́lódì, Alápá wá kí mi láàárọ̀, ó ní kí n má bínú, àwọn ò ní lè ṣiṣẹ́ lónìí o, ó sì bi mí bóyá kí òun kọ́kọ́ bá mi gbálẹ̀. Èmi ni mo kọ́ Alápá bí wọ́n ṣe ń fajú ro. Èmi náà ni mo bá wọn kọ ẹ̀sùn, nítorí ta ló mọ àìdáa mi tó mi? Mo kọ ọ́ pé òrùlé ń jò sórí tábìlì tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun, pé àkísà ni Èéfín fi ń di agolo gbígbóná mú nígbà tí ìbọ̀wọ́ wà lọ́jà, pé owó oṣù ń dé nígbà tó bá wù ú. Nígbà tí mo kà á tán, inú bí mi sí ọ̀gá náà. Ṣùgbọ́n mo kọ̀ jálẹ̀, nítorí ipa tèmi nìyẹn.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ìyá rẹ, tó ń fi ọ̀rá wé búrẹ́dì, gbé omi lọ fún wọn lábẹ́ igi tí wọ́n jókòó sí, kò padà wá. Kí n tó ránṣẹ́ pè é, wọ́n ti fi í ṣe alága. Ó ránṣẹ́ sí mi pé òun ti ń wé búrẹ́dì láti ọjọ́ ìgbéyàwó, òun ò tíì gba owó oṣù kan, àfi o ṣeun, o ṣeun náà kì í sì í dé lásìkò. Mo yọ́ lọ bá a, mo ní eré ni. Ó ní eré tèmi ni, kì í ṣe tàwọn.

Bí adìẹ ṣe bà lókùn nìyẹn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo dá búrẹ́dì ṣe. Káfíńtà ilé kejì fi ọ̀kan ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní òun ò tíì rí igi tó le tó o. Mo fẹ́ kí ìjà náà dúró dè ọ́, ṣùgbọ́n ebi ò gbà. Ìyá rẹ mú mi jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun, kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti gbà láti ṣe gbogbo ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ, pẹ̀lú owó oṣù tirẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, àfi èmi tí mò ń rò ó pé mo ti ba oṣù mẹ́ta rẹ jẹ́. Dárí jì mí.

Jọ̀wọ́, fi owó páànù òrùlé àti ìbọ̀wọ́ ránṣẹ́, mo ti ṣèlérí rẹ̀ kí oṣù tó parí. Má gba báǹkì fi í ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn ní kí n fún òun ní nọ́ńbà àṣírí mi, mo sì pè é ketekete, gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi ló gbọ́, ẹ̀rọ náà nìkan ni kò dáhùn.

Iṣẹ́ rẹ kò ní já sí asán. Ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ní sùn lọ lọ́jọ́ tí o bá kanlẹ̀kùn rẹ̀. Wàá gba oyè náà, ojú wa yóò sì rí i.

Èmi ni bàbá rẹ, agbanisíṣẹ́.

Alága ti ka ìwé yìí, ó sì ti fọwọ́ sí i, nítorí àdéhùn wa ni pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí o má ka ibi tí mo ti béèrè owó, akẹ́kọ̀ọ́ ò lówó.

Ẹ̀yìn ìwé yìí ni alága ò rí. Alápá àti Èéfín ní bí òrùlé bá ṣì ń jò nígbà tí oṣù bá parí, àwọn á tún yanṣẹ́ lódì, lọ́tẹ̀ yìí ẹnikẹ́ni ò ní kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fajú ro. Mo ti rò ó dáadáa, ọmọ mi. Bí ìyẹn bá máa fún ọ ní oṣù mẹ́ta rẹ pé pérépéré, má fi owó náà ránṣẹ́.