Bàtà Ibùsùn Kẹrìnlá

Ọjọ́ kẹta nínú ọ̀sẹ̀, 9 Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1933

Bàtà dé. Bàtà onírun àgùntàn tó ń dé orúnkún, tí a ti ń retí láti ìgbà tí yìnyín ti kọ́kọ́ bọ́. Iye ibùsùn ni wọ́n fi pín in, kì í ṣe iye ènìyàn. Ní bárékè wa, ènìyàn méjì ló ni ibùsùn kan: ọ̀kan ń sùn lọ́sàn-án, ọ̀kan lóru. Ibùsùn kẹrìnlá ti gba tirẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ibùsùn ní, bàtà méjì ni wọ́n fún un. Òun náà ní ẹjọ́ tó lè pè.

Gainan ni èmi àti ẹ̀ jọ ni ibùsùn. Ọkùnrin ẹ̀yà Tátà. Òun ló ń da kọnkéré lóru ní ìpìlẹ̀ ìléru irin tuntun. Èmi ń fi tẹmómítà wọn ooru kọnkéré náà lọ́sàn-án. Torí ìyẹn ni mo ṣe lọ sí póli. Nínú ìwé yìí, Ìyàwó ni mò ń pè é. Lójúkojú, ẹ̀gbọ́n ni.

Ọjọ́ kẹrin, 10 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ètò ilé wa: láàárọ̀, Ìyàwó á bọ́ bàtà, èmi á kó o wọ̀ bó ṣe ń gbóná. Nírọ̀lẹ́, èmi á bọ́ ọ, òun á kó o wọ̀. Bàtà náà kì í sinmi. Ó yẹ kí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára pátákó àwọn akíkanjú òṣìṣẹ́.

Gìgísẹ̀ òsì ti là. Mo fi wáyà bàbà rán an. Ìyàwó yẹ̀ ẹ́ wò títí: "Yefim, ṣé o rán an ni, àbí o fa iná mọ̀nàmọ́ná sí i?"

Ti òsì yẹn há mi lọ́mọ ìka. Ó bá Ìyàwó mu rẹ́gí.

Ọjọ́ kẹfà, 12 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Láti ìgbà tí ìjọba ti fagi lé ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ ti di ọlọ́jọ́ mẹ́fà, ọjọ́ kẹfà là ń sinmi. A ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ kẹta, 15 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ará abúlé Ìyàwó kan dé. Ó ní Sajida, ìyàwó Gainan gidi, ti bímọ, kò sì lè dìde. Kò sí ìyẹ̀fun nílé. Gainan lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ Kosyrev, ọ̀gá iṣẹ́. Kosyrev ní àwọn á sọ ọ́ tí ìléru bá parí.

Mo ní, ìléru wo? Gainan ní òun náà bi í. Mẹ́rin ló wà nínú ètò.

Ní tésàn ọkọ̀ ojú irin ìlú yìí, wọ́n ń yẹ ìwé àṣẹ wò. Tésàn kejì, tí wọn kì í ti í yẹ̀ ẹ́ wò, ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni, nínú afẹ́fẹ́ òkè Urali yìí. Ó ní, "Tí mo bá fi bàtà èèpo igi mi rìn ín, ẹsẹ̀ mi á kù sójú ọ̀nà, èmi á máa lọ."

Ló bá wo bàtà onírun. Èmi náà wò ó. Màmá Klavdia, tó ń koná sí ààrò bárékè, ní, "Ẹ gbójú kúrò lára ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Kò ní bímọ."

Ọjọ́ karùn-ún, 17 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo lọ sí sítọ̀ lọ béèrè bàtà kejì.

— Ibùsùn kẹrìnlá? Ó ti gbà.
— Ènìyàn méjì ni wá.
— Ẹ wá ibùsùn kejì. Bàtà á tẹ̀ lé e.

Kò sí pákó tí wọ́n máa fi kan ibùsùn. Gbogbo pákó wà lára kọnkéré.

Ẹni tí kò bá dé ibi iṣẹ́, wọ́n á gba káàdì búrẹ́dì ẹ̀. Ẹni tó bá wá láìní bàtà, òtútù á gba ẹsẹ̀ ẹ̀. Bàtà kan, ọkùnrin méjì. Ní póli, irú ìṣirò yìí, olùkọ́ máa ń ní ká fò ó.

Ọjọ́ kìíní, 19 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́. Ìyàwó ti jí. Ó ti ti bíríkì gbígbóná sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì dè mí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Mo bọ́ bàtà ọ̀tún. Mo pẹ́ kí n tó bọ́ ti òsì.

Ó ní, "Tètè wọlé sùn. Ó máa ń tètè tutù."
Mo ní, "Bíríkì ni, àbí èmi?"

Kò rẹ́rìn-ín. Mo na bàtà sí i. Mo ní, "Ẹ bá mi kí Sajida." Ó wọ̀ ọ́, ó jáde. Bíríkì náà gbóná títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Ọjọ́ kejì, 20 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Bàtà ò dé. Mo fi àkísà di ẹsẹ̀, mo ki í bọ bàtà èèpo igi tí Ìyàwó fi sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Mo wọn ooru kọnkéré. Nígbà tó yá, mo wọn ti ẹsẹ̀ mi. Kọnkéré ló yè jù.

Ọjọ́ kẹrin, 22 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ilé ìwòsàn. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì méjì. Dókítà ní mo ṣoríire.

Ọjọ́ kìíní, 25 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Kosyrev wá kí mi lórí ibùsùn. Ó fẹ́ kí n kọ ẹ̀fẹ̀ kan nípa Gainan asáfúnṣẹ́, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé oúnjẹ. "Ìwọ lẹnu ẹ mú jù níbí." Mo ní ẹnu náà ti dì.

Ọjọ́ kẹta, 27 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Tí Gainan bá ti délé, Sajida á ti máa bá a jà pé ó pẹ́.

Ọjọ́ kejì, 2 Oṣù Èrèlé

Mo ti padà sí bárékè. Wọ́n ti fún mi ní ìyàwó tuntun. Frol, ará oko, ó kéré sí mi. Láàárọ̀ yìí ló ti iṣẹ́ òru rẹ̀ àkọ́kọ́ dé, inú rẹ̀ ń dùn, bàtà onírun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹyọ kan yìí ló kù ní sítọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo mà rìnnà kore o."

Wáyà bàbà wà ní gìgísẹ̀ òsì.

Mo bi í bóyá wọ́n sọ ẹni tó ni ín. Ó ní akọ́wé sítọ̀ ní ìjọba ló ni ín. Ojú ọ̀nà tésàn kejì ni wọ́n ti gbé e wá, inú yìnyín. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ò nílò ẹ̀ mọ́.

Màmá Klavdia ń koná lọ. Igi ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì ń koná.

Frol bọ́ bàtà, ó tì í sí mi. "Ẹ tètè wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n, kó tó tutù."

Mo wọ̀ ọ́. Tẹ́lẹ̀, ti òsì máa ń há mi lọ́mọ ìka. Kò há mọ́.